Àkànní, mo ti ra Land Rover

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù níbẹ̀ o, ìwọ àti agbo ilé rẹ. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá le. Mo yà kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti dé, àmọ́ kí o yé náwó sórí ṣokoléètì, eyín àwọn ò gbà á mọ́. Ní ti ìlú, bí o bá dé Ọláìyá báyìí, wàá kọ́kọ́ dúró wá ọ̀nà ni, afárá ti gorí ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ, àbúrò rẹ ò lè pa ẹnu mọ́. Òótọ́ ni. Mo ra Land Rover, Series III, èyí tó gùn tí wọ́n ń pè ní 109, oní-bẹntiróòlù. Ìyàwó mi ní owó tí mo fi tún un ṣe, bí mo bá fi kún iye tí mo rà á, ì bá ti ra Corolla tòkunbọ̀ tó ní éésì. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́ kí o tó bá wọn dá sí i, torí pé iṣẹ́ ń bẹ fún ọ nísàlẹ̀ ìwé yìí.

Ọ̀nà oko ló fà á. Ṣé o rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn Ìràgbìjí, tí a máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí mọ́tò tó lè gùn ún? Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ di kòtò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò sí mọ́tò tó ń débẹ̀ mọ́. Ọlọ́kadà ló ń kó ẹ̀gẹ́ mi jáde, iye tí wọ́n sì ń gbà lórí àpò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè rẹ̀ tán. Àwọn jíìpù ìgbàlódé, owó wọn kọjá agbára mi. Bí mo tilẹ̀ rówó rà á, ọjọ́ tó bá dákú sóko, kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa gbé wá bá a nínú igbó. Ohun tí sípánà lè yanjú ni mo ń wá.

Bàbá kan tó ń ra kòkó láyé ọjọ́un ló ni ọkọ̀ náà, ní Ìràgbìjí. Bàbá ti jáde láyé, ọkọ̀ wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ń yé sórí àga awakọ̀. Àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù irin ti wá dá owó lé e. Dáwódù ní òun á tà á fún mi, mo sì rò pé ká sanwó ká máa lọ ni. Ó di ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún, ìdí kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn kan ní owó kéré. Àwọn kan ní ohun ìní bàbá kì í jáde nílé. Àgbà ọmọbìnrin bàbá jókòó, kò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi pariwo tán, ó wá ní, “Ọkọ̀ yìí ló gbé mi lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá máa gé e, kó má rà á.” Mo búra pé mi ò ní gé e. Orúkọ bàbá wà lára ìlẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́. Mo ní mi ò ní pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìbúra kóòtù, jẹ́ ká fò ó, o mọ bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn lọ kó padà wá.

Kí n tó dá owó rárá, mo ti yọ òòfà lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́, mo sì ti òòlù kékeré bọ àpò. Mo gbé òòfà lé ìlẹ̀kùn, ó já bọ́. Mo gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún já bọ́. Dáwódù bi mí bóyá mo ń difá ni. Mo ṣàlàyé fún un pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń wọ̀n ọ́n fún àwọn iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàálù wà nílẹ̀. Òun ni Rover fi bo Land Rover lára nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1948, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí dé Series III, tí wọ́n ṣe láti 1971 sí 1985. Solihull ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ tó wà ní Birmingham, o sún mọ́ ìlú tí wọ́n ti bí i ju èmi tó ni ín lọ.

Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á rí ara ọkọ̀ tó ṣì pé, wọ́n á ka owó sílẹ̀. Irin ni ṣáàsì, egungun ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró. Irin ni ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ṣáàsì yìí, inú rẹ̀ ṣófo, ẹrẹ̀ àti omi á gba ihò wọlé, wọn ò ní rọ́nà jáde, ìpẹtà á sì máa jẹun láti inú bọ̀ wá síta. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo ń fi òòlù kàn án láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níbi tó bá dára, á dún gooro. Níbi tó bá ti jẹrà, ohùn á kú. Nígbà tí mo dé ọ̀pá ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá, òòlù wọlé lọ, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Àtibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó wálẹ̀.

A fi típà kan tó ń bọ̀ lófìfo gbé e wá sí Òṣogbo. Wẹ́dà àkọ́kọ́ tí mo pè wò ó fìrí, ó ní òun á lẹ irin tuntun mọ́ ọn lórí ìpẹtà, ilẹ̀ ò ní ṣú tí a ó fi parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣe é níkẹyìn wà lọ́nà Ìlobùú. Owó rẹ̀ wọ́n, ẹnu rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní irin jíjẹrà kì í gba jíjó, bí iná bá ti bà á, á lu. Ó ń gé e lọ títí ó fi kan irin tó mọ́ tónítóní, kó tó wá fi páálí gé àwòrán ibi tó ṣí sílẹ̀, tó sì ń fi páálí náà gé irin oní-2 mm. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣáàsì á lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó tó jó ohunkóhun pa, á fi téèpù wọn igun sí igun, apá ọ̀tún àti apá òsì. Mo jókòó tì í. Àwọn ará àdúgbò rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àgbá epo wà lábẹ́ àga. Ó ti gbẹ tipẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan sì ní kò séwu, ká máa jórin lọ. Ọ̀gá lé e kúrò níbẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú àgbá òfìfo léwu ju àgbá tó kún lọ, a sì tú u, a gbé e jìnnà kí iná tó tàn. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, a kun ojú ibi tí wọ́n jó náà, mo sì fi pọ́ńpù fín ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù sínú ihò ṣáàsì. Ó ń kán sílẹ̀ títí di òní, ìyàwó mi ò sì jẹ́ kí n gbé e wọ orí sìmẹ́ńtì.

Ẹ́ńjìnnì ló yà mí lẹ́nu. Sìlíńdà mẹ́rin, 2,286 cc, kò sì yí rárá. Ọ̀gá mẹkáníìkì wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá mú un. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó po dísù mọ́ ọ́ìlì, ó dà á sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a fi í sílẹ̀ ná. Land Rover yìí ṣì ní ihò níwájú tí a ń ki ọ̀pá bọ̀ láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a padà dé, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó tì í síwájú díẹ̀, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó yí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tò, oníkálùkù fẹ́ yí i wò, wọn ò rí irú ẹ̀ rí.

Rẹ́wáyà tí wọ́n pè ṣì kéré. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò wá, ó ń wá ibi tó máa kì í bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí ò ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ojú fi tì í. Bàbá tí wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀ fi ṣáńpépà nu kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń padé kí púlọ́ọ̀gì lè tanná, ó ṣí i tó 0.4 mm, ó tún rí i pé wọ́n ti gbé wáyà púlọ́ọ̀gì méjì fún ara wọn. Bí iná ṣe ń tò dé sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ẹ́ńjìnnì yìí ni 1, 3, 4, 2. Bó ṣe tò wọ́n báyìí, ó jẹ́. Èéfín tó tú jáde lé ìyá onírẹsì kúrò nídìí ìkòkò rẹ̀, mo sì ra abọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn láti fi bẹ̀ wọ́n.

Bíréèkì ni mi ò fi ṣeré. Ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀ nígbà kan rí, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú. A fọ gbogbo páìpù, a pààrọ̀ èyí tí a rí. Àwọn sìlíńdà iwájú ṣì ń jò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ gíà ńlá, ọ̀pá kékeré méjì ló wà níbẹ̀. Olórí yẹ́lò ni o máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú lè bá ti ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Olórí pupa ni o máa fà bí ibẹ̀ bá le gan-an: ọkọ̀ á máa lọ́ra, agbára á pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró kí o tó fà á. Aládùúgbò mi kan ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ jíìpù, kí n máa fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn lórí títì náà. Àbá burúkú gbáà nìyẹn. Ní kọ́nà, ibi tí táyà iwájú ń tọ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Lórí ọ̀dà, kò ríbi yọ̀ sí, inú gíà ni gbogbo agbára náà á ká jọ sí, ó sì lè já nǹkan.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ sóko, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn ọlọ́kadà dúró sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, wọ́n ń retí ìgbà tí màá rọ́ padà. Mo fa olórí pupa, mo wọ gíà kìn-ín-ní, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí nǹkan gbogbo. Ó ń rọra pọ́n ọn lọ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, “Bàbá, ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn!” Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀ mí kí n bá òun gbé ọ̀kadà òun gòkè.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà sílé àgbà ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n fọwọ́ pa ibi tí orúkọ bàbá wọn wà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá. Mo ní kí wọ́n bọ́ síwájú kí n fi wọ́n ṣeré dé ọjà. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìn làwọn jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yìn náà ni wọ́n sì gùn, pẹ̀lú gèlè.

Mi ò ní tàn ọ́, ọkọ̀ yìí ń mu epo. Á lo nǹkan bíi lítà 18 sí 20 fún 100 kìlómítà, láti May 2023 tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Oko nìkan ló ń lọ. Bí mo bá fẹ́ dé Ọjà Ọba, kórópe ni mò ń wọ̀.

Iṣẹ́ tìrẹ ló kù. Mo rán ènìyàn sí Ládípọ̀ l'Ékòó, ohun tí wọ́n kó hàn án, ti Discovery, Land Rover ìgbàlódé, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n ṣì ń ṣe é ní tuntun. Bá mi wá sìlíńdà bíréèkì iwájú, méjì méjì ló wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mẹ́rin ni. Tún bá mi wo rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò nídìí táyà iwájú, apá méjèèjì, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń tún kàbùrétọ̀ Zenith ṣe. Wọ́n á bi ọ́ bóyá 88, èyí tó kúrú, ni tàbí 109. Sọ pé 109 ni, Series III, bẹntiróòlù. Bíréèkì 88 kéré sí tiwa, kò ní wọ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dínwó tàn ọ́ gbà á. Iye tó bá jẹ́, màá kó o fún Màmá ní náírà bí a ṣe máa ń ṣe. Má fi ránṣẹ́. Kó o sínú báàgì rẹ tí o bá ń bọ̀ ní December, kí o sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ sọ́wọ́ fún àwọn aṣọ́bodè.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì sọ fún ọmọ rẹ tó fẹ́ràn mọ́tò pé àyè rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní.