Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó lọ gun Table Mountain

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi èyí tó àwọn òǹkàwé tó ń lọ sí Cape Town létí. Pé ojú ọ̀run mọ́ ní ìlú kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ orí wáyà tó ń gun Table Mountain, òkè ńlá tó wà níbẹ̀, máa ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ni àṣẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pàápàá oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, afẹ́fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn máa ń ti ọ̀rinrin òkun gòkè, á di ìkùukùu funfun, á sì bo orí òkè pẹrẹsẹ. Ẹ kò ní rí ìlú, wọ́n sì lè dá ọkọ̀ dúró lójijì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá dára ni kí ẹ lọ, ní kùtùkùtù. Ẹ má fi í sí ọjọ́ tí ẹ ó padà sílé.

Fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún, Platteklip Gorge, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba àárín àpáta, ló tààrà jù. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ó ga, ó ń gba bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta, òòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kò sì láàánú. Ẹ gbé omi lítà méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, fìlà, àti aṣọ òtútù, torí orí òkè ga ju 1,000 mítà lọ.

Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà jù ni kí wọ́n gòkè lọ́sàn-án, kí wọ́n gbójú lé ọkọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wá dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ má sì dá lọ.

Òǹkàwé yín,
Èkó