Àgbàdo Ń Lọ sí Ìgboro, Kí Ló Ń Padà Bọ̀ Wá sí Oko?

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀wọ́n gógó ajílẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́ kù, ìyẹn oúnjẹ ilẹ̀ tó ń bá àgbàdo lọ tí kì í padà, èmi tí mò ń gbin àgbàdo ní Òkè-Ògùn sì fẹ́ bá yín fi kún un.

Tọ́ọ̀nù àgbàdo kan, ìyẹn àpò 10 oníkílò 100, ń kó tó kílò 15 náítírójìn, oúnjẹ ilẹ̀ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, jáde nínú ilẹ̀. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 oníkílò 50 tí à ń sáré owó rẹ̀ kiri, kílò 7.5 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kó àpò 10 kúrò lóko mi, bí ẹni pé àpò NPK 2 ló bá a lọ ni. Adìẹ á jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn, èèyàn á fi ṣe ẹ̀kọ, ó parí náà nìyẹn. Láyé bàbá mi, ilẹ̀ tó bá ti ṣá, wọ́n á pa á tì títí yóò fi di igbó. Ta ló nílẹ̀ tó fẹ́ẹ́ pa tì lónìí?

Iná ló wá ń dùn mí jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú báyìí, pòpòrò tí à bá fi bọ́ ilẹ̀ la máa ń dáná sun. Àwọn kan ní eérú rẹ̀ náà ajílẹ̀ ni. Kò burú, pọ́táṣíọ̀mù, oúnjẹ ilẹ̀ mìíràn, ṣì kù nínú rẹ̀, àmọ́ náítírójìn ti bá èéfín lọ. Èyí tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá sì fi sílẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò á gbá a lọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi iná kan ìdajì oko mi. Mo to pòpòrò sí poro, mo wa ilẹ̀ bò ó. Àgbàdo ọdún yẹn, ewé rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú mú, aládùúgbò mi sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ pòpòrò jẹrà máa ń kọ́kọ́ gba náítírójìn inú ilẹ̀ lò fún ara wọn. Mo bá lọ kó ìgbẹ́ adìẹ. Mo dà á tútù sí ìdí àgbàdo, ó jó ìlà mẹ́rin gbẹ. Ẹ̀bi ara mi ni, n kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, abẹ́ igi máńgòrò ni mò ń kó o jọ sí, pòpòrò ní ìpele kan, ìgbẹ́ adìẹ ní ìpele kan, omi díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ló máa ń gbóná. Mo ń yí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó ti dúdú, kò rùn mọ́. Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Lápá oko tí mo ń dà á sí, ilẹ̀ ti lanu fún ọkọ́ náà. Lápá tí wọ́n ń sun, kàn-kàn-kàn ni ọkọ́ ń dún.

Mo mọ̀ pé àwọn IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti kọ́ wa nígbà kan pé ká gbin àgúnmánìyè sáàárín àgbàdo, ká máa gé ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gígé yẹn pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní alágbàṣe. Ìgbẹ́ adìẹ ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Àwọn kan tó ń sin adìẹ ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó o. Owó ọkọ̀ ló ń dí wa lọ́wọ́. Ìjọba tó ti fowó ràn wá lọ́wọ́ rí kí ajílẹ̀ àpò lè dínwó, ṣé kò lè fi díẹ̀ ran owó ọkọ̀ yìí? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo wa lọ, òfìfo ló ń padà wá.

Mo ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́. Ó ní yóò máa rùn sínú ọkọ̀ òun. Mo ní èyí tó bá ti jẹrà tán kì í rùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá kí òun fi imú ara òun gbọ́ ọ. Mo ti di àpò kan sílẹ̀ dè é.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kan láti Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.