Kí a tó so yìgì rẹ

Iléṣà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé n'Ífẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù nípa aṣọ ẹbí àti gbọ̀ngàn, a óò rí i ṣe bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹkún máa ń gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ọmọ ọdún 9 ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú. Wàá rántí àwọn àgbà tó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwọ lo gbé omi fún wọn. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni bàbá rẹ, ìdajì ohun tó bá kan ọkùnrin ni ti ọmọbìnrin, bẹ́ẹ̀ ni Àlùkùránì wí. Mo dákẹ́, torí òótọ́ ni. Mo wá béèrè pé kí ló kan èmi. Wọ́n ní, "Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àṣà wa nìyẹn." Ẹnìkan tún fi kún un pé bí mo bá fẹ́ jẹ nínú ogún náà, àbúrò bàbá rẹ wà níbẹ̀ tó lè ṣú mi lópó. Mo kọ̀. Àbúrò bàbá yín náà ló gba oko kòkó, ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ fún yín.

Ṣé o rí ohun tí wọ́n ṣe? Ẹ̀sìn ni wọ́n fi dín tìrẹ kù, àṣà ni wọ́n fi gba tèmi. Bẹ́ẹ̀ àṣà Yorùbá tí wọ́n fi lé mi nídìí ogún yẹn náà ló ní kí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin pín ogún bàbá wọn lọ́gbọọgba. Àlùkùránì tí wọ́n fi dín tìrẹ kù náà ló ní kí opó ọlọ́mọ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé àṣà délẹ̀ ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ì bá kan ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní Àlùkùránì ni wọ́n tẹ̀ lé délẹ̀, níwọ̀n bí òbí bàbá rẹ méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ, wọn ì bá pín in sí ọ̀nà 40: 5 fún mi, 14 fún ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀ọ̀kan, 7 fún ìwọ. Wọn ò tẹ̀ lé ìkankan. Ibi tó ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin nìkan ni wọ́n ṣà nínú méjèèjì.

Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ọdún 6 lẹ́yìn rẹ̀, ní àsàlátù wa, ni alùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Súrátù Nísáì, orí Àlùkùránì tó ń jẹ́ Àwọn Obìnrin. Nígbà tó dé ẹsẹ 12, níbi tí ìpín opó wà, mo ní kó jọ̀ọ́ tún un kà. Nígbà tó dé ẹsẹ 19, tó ní kò tọ́ fún onígbàgbọ́ láti fi ipá jogún obìnrin, mo bú sẹ́kún láàárín ẹgbẹ́ mi. Ohun tí wọ́n fi lọ̀ mí bí ẹni ń ṣe mí lóore, Ọlọ́run ti dá a lẹ́kun láti nǹkan bí ọdún 1,400 sẹ́yìn! Àmọ́ oko kòkó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà yẹn.

O bi mí léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọkùnrin ló ni bùkátà: sọ̀dáàkí tí ọkọ ń san fún ìyàwó nítorí yìgì, oúnjẹ, aṣọ àti ilé ìyàwó, ọrùn rẹ̀ ló wà. Owó obìnrin, tirẹ̀ ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó gba ìpín méjì tó sì sá fún bùkátà, ó jẹ arábìnrin rẹ̀ ní gbèsè. Tí òbí bá sì wà láàyè, Ànábì sọ fún bàbá Nu'mān, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, tó fẹ́ ta ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, pé kó bẹ̀rù Ọlọ́run, kó ṣe déédéé láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín ilẹ̀ tí mo rà lójú ọ̀nà Òṣogbo sí mẹ́ta ọgbọọgba, níṣojú mi. Orúkọ rẹ ló wà lára ìwé tìrẹ. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ yìgì wá kù. Bí ọkàn rẹ kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kódà kó ku ọ̀la, sọ fún mi. Khansā' ọmọ Khidhām, obìnrin kan nígbà ayé Ànábì, opó ni, bàbá rẹ̀ fi í fún ọkùnrin tí kò wù ú. Ó lọ bá Ànábì, Ànábì sì tú yìgì náà ká. Owó orí tí ẹbí máa ń gbà tí wọ́n á tún dá padà, ti àṣà nìyẹn. Sọ̀dáàkí yàtọ̀: kí wọ́n dárúkọ iye rẹ̀ sókè, kó sì wá sí ọwọ́ rẹ, kì í ṣe ọwọ́ mi tàbí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ parí àti iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, ẹ sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí kí yìgì tó so, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní obìnrin rere kì í ṣòwò, Khadíjà ńkọ́? Ọjà rẹ̀ ni Ànábì bá a kó lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, níhà Síríà, kí wọ́n tó fẹ́ra. Ìwọ náà, ọmọ òṣómàáló ni ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún jókòó pín ogún níwájú rẹ, má kàn gbé omi fún wọn kí o sì wọlé lọ. Jókòó, kí o béèrè pé òfin wo la fẹ́ lò. Bí wọ́n bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ lò ó tán. Bó sì jẹ́ òfin ìjọba ni wọ́n mú, abala 42 ìwé òfin 1999 kò gbà kí wọ́n torí pé ènìyàn jẹ́ obìnrin fi nǹkan dù ú. Ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi í dá ọmọbìnrin Ígbò kan láre lórí ogún bàbá rẹ̀.

Sọ̀dáàkí tí bàbá rẹ san fún mi ni mo fi ra maṣíìnì tí mo fi ń rán aṣọ ilé-ìwé yín. Ó ṣì wà ní yàrá. Tí o bá ń bọ̀ nílé, mú ìwé tí ìwọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ bá kọ dání, kí a jọ kà á.

Èmi ni,
Yèyé rẹ