Ìrẹsì Tó Ga Ju Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lọ

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìrẹsì oko rẹ ti ń yọ orí, pé ó dùn ún wò, pé àwọn kan tilẹ̀ wà láàárín wọn tó ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ, tí ewé wọn mọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ orí ṣáájú àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́tà náà sílẹ̀. Ìwọ rò pé àwọn yẹn ni akíkanjú inú oko. Èpò ni wọ́n.

Ìrẹsì-èpò là ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ìrẹsì pupa. Kì í ṣe koríko àjèjì kan tó kàn jọ ìrẹsì o. Ìrẹsì gan-an ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tí o gbìn, Oryza sativa. Àwọn tó yẹ àbùdá rẹ̀ wò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìrẹsì oko tó padà di ará igbó, bí ewúrẹ́ tó já okùn tí kò wálé mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti rí oògùn tí yóò pa á tí kò ní pa ìrẹsì rẹ mọ́ ọn. Nígbà tó bá ṣì kéré, èmi tí mo ti ń tẹ ẹrẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ, n kò lè fojú yà á sọ́tọ̀.

Mo fi hóró mẹ́ta sínú lẹ́tà yìí. Má bẹ̀rù, mo ti bọ̀ wọ́n nínú omi gbígbóná, mo sì sá wọn gbẹ. N kò jẹ́ fi irú wọn ránṣẹ́ sí ọ láàyè. Mú ọ̀kan, fi èékánná bó èèpo rẹ̀. Wàá rí i pé àwọ̀ tó bo hóró inú pupa. Apilẹ̀ àbùdá kan, ìyẹn ohun tí irúgbìn ń jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Rc, ló kùn ún bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló sì wà lára ohun tó ń mú kí irúgbìn náà sùn pẹ́ nínú ilẹ̀. Wo irun tó yọ ní ṣóńṣó rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n má fi irun nìkan dá a mọ̀, nítorí àwọn kan wà tí kò ní.

Ìrẹsì tiwa máa ń di hóró rẹ̀ mú dè wá. Èyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ń gbó, ìdí hóró rẹ̀ á dẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹyẹ kan bà lé e, ó ti dà sílẹ̀. Kí o tó gbé dòjé, ó ti gbin ara rẹ̀ dè ọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í sì í hù lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á hù lọ́dún tó ń bọ̀, òmíràn á sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èmi náà ti ṣe òmùgọ̀ rí. Mo gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹnìkan láìbó ọ̀kan wò. Nígbà tí èpò náà yọ, mo kórè, mo sì ní kí katakata tú ilẹ̀ náà jinlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Mo rò pé mo ti sin ọ̀tá. Mo tọ́jú rẹ̀ ni! Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ibi tó ti ń sùn dáadáa, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún ilẹ̀ náà tú, àwọn kan á gòkè wá. Ká ní mo fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ni, ẹyẹ àti eku ì bá ti bá mi jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá kórè tán, má tú ilẹ̀. Fi í sílẹ̀. Nígbà tí àkókò gbígbìn bá ń bọ̀, ha òkè ilẹ̀ díẹ̀, fi omi rin ín, kí o sì lọ jókòó. Á hù. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, pa á, lẹ́yìn náà kí o tún fi omi tan òmíràn jáde. Á dà bíi pé ò ń fi àkókò ṣòfò, àwọn tí oko wọn bá tìrẹ pààlà á sì ti máa gbìn. Jẹ́ kí wọ́n máa gbìn.

Má fọ́n irúgbìn sílẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́ mú un hù níbòmíràn, kí o wá lọ́ ọ, ìyẹn ni pé kí o ṣí i gbìn sínú oko ní ìlà, kí omi sì dúró lórí ilẹ̀, nítorí hóró tó wà nínú ẹrẹ̀ tí omi bò kì í rí afẹ́fẹ́ tó láti hù. Ohunkóhun tó bá yọ láàárín ìlà méjì, olè ni. Ní Malaysia, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ fi lílọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 tí wọ́n ń fọ́n irúgbìn tààrà, ìgbà náà ni èpò yìí ráyè.

O béèrè nípa ìrẹsì tí oògùn kì í pa. Ó wà. Wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà láti 2002, orúkọ rẹ̀ ni Clearfield, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbátan ni òun àti ìrẹsì-èpò. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó kò mọ ààlà. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó bá ara wọn lò pọ̀, síbẹ̀ kò pẹ́ tí ìrẹsì-èpò tí oògùn náà kò ràn fi yọ. Bí o bá lò ó, má lò ó léraléra. Gbin ẹ̀wà sóyà sí ilẹ̀ náà lọ́dún kan, oògùn mìíràn á lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ti ọdún yìí ńkọ́? Má fi ìrẹsì oko yìí ṣe irúgbìn, ì báà jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ẹ̀rọ ìkórè bá fẹ́ wọlé, ní kí wọ́n gbá inú rẹ̀ kí ó tó wọlé àti kí ó tó jáde. Àwọn tó ga wọ̀nyẹn, gé orí wọn kí hóró tó gbó, má dà wọ́n sí ẹ̀bá oko. Kó wọn jáde, kí o sun wọ́n. Ka iye tí o gé, kí o kọ ọ́ sí mi.

Àárọ̀ ni kí o lọ, kí ìrì tó gbẹ, nítorí hóró tó tutù kì í tètè já. Mú àpò tí kò lu dání.

Ìyá rẹ