Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ẹran ìgbẹ́ láàyè

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsinmi Kérésìmesì ń bọ̀, àwọn òbí ti ń ro ibi tí wọ́n máa kó ọmọ lọ. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní Old Oyo National Park.

Ọmọ tó bá ń gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí mọ ọ̀yà tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́bàá títì, ó mọ òórùn ẹtu yíyan. Ṣùgbọ́n bí ẹtu ṣe ń na etí, tó sì ń fò wọgbó kéèyàn tó ṣẹ́jú, kò rí i rí. Àwọn baba wa ń sun ìjálá, wọ́n ń ki ẹfọ̀n, wọ́n ń ki àgbọ̀nrín, wọ́n mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú ìṣasùn ọbẹ̀ nìkan lọmọ tiwa ti ń bá wọn pàdé. Ó dùn mí gan-an ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa lọ. A tètè dé, torí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lẹranko máa ń jẹko. Bí oòrùn bá ti mú, ibòòji ni wọ́n ń sá sí. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó mú wa rìn kò gbà kẹ́nikẹ́ni pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ipasẹ̀ ìmàdò han àwọn ọmọ nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, ó ní kí wọ́n wo bí pátákò rẹ̀ ṣe là sí méjì. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ igbe ìnọ̀kí lórí àpáta. Akọ ńlá kan jókòó, ó ń wò wá. Àwọn abo pọn ọmọ wọn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nílé dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó bi mí pé ta ló lè yìnbọn sí irú èyí. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Láti 1952 ni ìjọba ti ń dáàbò bo àwọn ẹranko ibẹ̀, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Inú rẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà, olú ìlú Aláàfin tó tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Odi ìlú náà ṣì wà nínú igbó.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò ń kọ yín lóminú. Kẹ́nikẹ́ni má dá wọgbó. Ọ́fíìsì ọgbà wà ní Ìsokùn nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè níbẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí àti apá ibi tó ṣeé wọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn tí òbí rẹ̀ ní mọ́tò lè lọ. Àwọn tó wà lọ́kàn mi jù ni ọmọ Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí wọ́n ń gbé nítòsí ọgbà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì wọ̀ ọ́ rí. Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n pèsè bọ́ọ̀sì fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí koríko ṣì kúrú, tẹ́ranko ń wá omi mu létí odò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, koríko á bò wọ́n lójú.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn