Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ 18, oṣù Kẹjọ.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kánádà lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Baba wọn ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́. Iṣu tuntun ti dé ọjà, odó ò sì sinmi ládùúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kò kúrò lọ́kàn mi. Odidi ìkòkò ọbẹ̀ ata, tòun tẹran, tí o dà nù nítorí iyọ̀! Ó dùn mí gan-an, nítorí mo mọ iye tí o ń ra tàtàṣé níbẹ̀. Ká ní o pè mí kí o tó dà á nù ni, à bá ti jọ tún un ṣe.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ tí Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé. Mo ti fi iyọ̀ àti mágí bọ ẹran. Mo dín ata, mo da omi ẹran sí i, mo wá jáde lọ gba iṣu lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Àìná ọmọ mi rí ìkòkò tó ń hó, ó rò pé n kò tíì fi iyọ̀ sí i, ó bu ṣíbí kan sí i. Èmi náà wọlé, n kò tọ́ ọ wò, mo tún wọ́n tèmi. Nígbà tí mo wá fi ahọ́n kàn án, àfi bíi pé iyọ̀ lásán ni mo bù sẹ́nu. Òróró ti léfòó, ọbẹ̀ ti pọ́n, ó wu ojú, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé mì. Mo bá fi iná kún iná, mo rò pé yóò yí padà. Àṣìṣe ńlá ni. Omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá omi lọ, ńṣe ló ń le sí i.

Ìyá olóúnjẹ tó wà ní ojúlé kejì wa ló gbà mí. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Pa iná ná, ọmọ mi." Ó ṣa ẹran sínú abọ́, ó da omi gbígbóná lé e lórí, ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó sì sẹ́ ẹ. Ó ní kí Àìná gbé tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, kí ó má fi ata rodo púpọ̀ sí i. A se èyí nínú ìkòkò mìíràn títí omi rẹ̀ fi gbẹ tí kíkan rẹ̀ sì lọ, láìfi hóró iyọ̀ kan tàbí mágí sí i. Lẹ́yìn náà ló bu ìdajì ọbẹ̀ oníyọ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń fi ìgbakọ bu ata tuntun sí ìdajì tó kù. Bó bá ti bù ú, á rò ó, á jẹ́ kó hó díẹ̀, á tọ́ ọ wò. Ìgbakọ kẹrin ló tó mi orí pé ó ti dára. Ó ní iyọ̀ tó bá ti wọ ọbẹ̀ kò ní jáde mọ́, àwọn tí yóò bá a pín ẹrù ni kí a wá fún un. Ìdajì tí a bù sọ́tọ̀ ni mo fi se ẹ̀wà lọ́jọ́ kẹta, n kò fi iyọ̀ kún un rárá.

Má da òróró sí i o, iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ní kí èèyàn jù sínú ọbẹ̀, omi ọbẹ̀ ló ń fà mu, tiyọ̀ tata. Kì í ṣa iyọ̀ lẹ́sà. Ṣúgà ni n kò fẹ́ kí o sún mọ́ rárá. Ahọ́n ló ń tàn, iyọ̀ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, Bàbá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan péré. Ti inú mágí wà nínú ìṣirò náà, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí. Nítorí náà, mo bu ata aláìníyọ̀ kún ti Bàbá ju tiwa lọ. Ó sì dára pé iyán, tàbí uyán bó ṣe máa ń pè é, kò ní iyọ̀ nínú. Òkèlè ńlá kan, ọbẹ̀ díẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bèèrè. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ni ìwọ fẹ́ fi jẹ ẹ́, má fi iyọ̀ se é.

Jọ̀wọ́, bí o bá lọ ata lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, se díẹ̀ láìníyọ̀, kí o rọ ọ́ sínú ike, kí ó máa wà nínú fìrísà rẹ. Kí o sì tọ́ omi ẹran wò kí ọwọ́ rẹ tó kan iyọ̀. Pè mí bí o bá ṣe é, mo fẹ́ gbọ́.

Bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Àìná.