Fíríjì inú mọ́tò yàtọ̀ síra o

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi fi èyí tó àwọn tó ń múra ìpàgọ́ oṣù Kejìlá létí. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, ni mò ń gún. Èyí tí mi ò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọdọ̀ dì.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ra fíríjì kékeré kan tí wọ́n ń fi iná mọ́tò lò. Ó fúyẹ́, ó dùn ún wò. Àṣé kò ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fíríjì ilé tutù! Irú ẹ̀ kì í sábà fi ju nǹkan bí ìwọ̀n 20 tutù ju àyíká rẹ̀ lọ. Ooru 34 ló sì wà nínú mọ́tò wa. Ẹ yọ 20 kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù. Mo wá yìnyín kiri àgọ́ bí ẹni tó ń ta omi tútù.

Oní-kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni mo ní báyìí, lítà 20. Ó wọ́n, ó sì wúwo. Ẹ rí i dájú pé ó ń kú fúnra rẹ̀ kó tó fa bátìrì mọ́tò gbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ínsúlínì fara kan ògiri inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dì.

Ọkọ mi ti kó mọ́ọ̀tì mẹ́rin sínú ẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì,
Òṣogbo